Nínú gbogbo àṣà "tọ́jú ara, tọ́jú ayé" yìí, èwo gan-an ló níṣẹ́ tó ń ṣe?

Onítara

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo pinnu pé màá tún ayé ara mi ṣe, màá sì bá ilẹ̀ ayé tún tiẹ̀ náà ṣe. Àyẹ̀wò ara ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó wò mí lójú, ó tún un wọ̀n, ó wá ní, "Mà, ṣé ẹ máa ń rìn rárá?" Iṣẹ́ ìjókòó ni mò ń ṣe. Mo máa ń jókòó láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí mo bá sì délé, màá tún jókòó. Ìbéèrè yẹn bá mi dé yàrá. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo wo fídíò kan nípa ike tó kún inú òkun, ni mo bá so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, mo mú bíró, mo kọ nǹkan mọ́kànlá tí màá máa ṣe láti àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Mọ́kànlá, lẹ́ẹ̀kan náà! Kí n máa rìn fún wákàtí kan lójúmọ́. Kí n má jẹ ẹran mọ́ láé. Kí n máa yọ ṣájà fóònù lára ògiri. Kí n má fọwọ́ kan ọ̀rá tí wọ́n ń bá ọjà fúnni mọ́. Kí n máa fi omi tútù wẹ̀. Kí n máa pín ìdọ̀tí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú garawa mẹ́rin. Kí n máa sùn láago mẹ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyókù bò.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rajà. Sítírọ́ọ̀ onírin. Ìgò omi onírin méjì. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín onípákó oparun. Àpò aláṣọ mẹ́sàn-án, torí pé wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tó dùn sí wọn lára. Ọkọ mi kàn ń wò mí. Ó ní ṣé ayé ni mo fẹ́ gbà là ni, àbí àwọn ọlọ́jà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló gbà. Lọ́jọ́ kan òjò rọ̀, n kò rìn. Lọ́jọ́ kejì mo ní màá fi wákàtí méjì dí i. Lọ́jọ́ kẹta mo ti gbàgbé. Bí ọ̀kan ṣe yẹ̀ báyìí ni ìyókù tẹ̀ lé e. Èyí tó dùn mí jù ni ti garawa mẹ́rin yẹn: àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo yọjú lójú fèrèsé tí mo rí i tí akólẹ̀ da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sínú ọkọ̀ kan náà, tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, tó sì ń bá tiẹ̀ lọ.

Ìbéèrè mi rèé. N kò lè ṣe mọ́kànlá. Bóyá mo lè ṣe mẹ́ta. Èwo nínú ẹ̀ ló wúwo ní tòótọ́, tó máa ṣe ara mi lóore, tó sì máa gbé nǹkan kúrò lọ́rùn ilẹ̀ ayé? Èwo ló jẹ́ ariwo lásán? Ẹ má wàásù fún mi o. Mo ti wàásù fún ara mi tó.

Atúnnáṣe

Àǹtí, ẹ kú ìgbìyànjú. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mò ń ṣe, ibi tí mo mọ̀ ni màá ti sọ̀rọ̀.

Ẹ fi ṣájà yẹn sílẹ̀ o jàre. Bí ẹ bá ń gba fóònù yín kún lójoojúmọ́ fún odindi ọdún kan, gbogbo iná tó máa jẹ kò ju nǹkan bíi yúnítì mẹ́fà tàbí méje lọ. Ṣájà tí fóònù ò sí lẹ́nu ẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ nǹkan tó ṣeé kà. Ohun tó ń jẹ iná nínú ilé ni ohun tó bá ń mú nǹkan gbóná tàbí tó ń mú nǹkan tutù: kẹ́tùlù, áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná, fìríìjì, ẹ̀rọ amúlétutù. Bí nǹkan bá gbóná lọ́wọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá gbóná, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò kẹ́tùlù. Láti gbé lítà omi kan láti ìwọ̀n 25 dé ìwọ̀n 100 ti Celsius, ó máa gba nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún yúnítì kan, láìka èyí tó ń ṣòfò sára kẹ́tùlù fúnra ẹ̀. Ife kan ò gbà ju ìdá mẹ́rin lítà lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn máa bu lítà kan àtààbọ̀ sí i, wọ́n á mu ife kan, ìyókù á tutù, wọ́n á tún gbé e gbóná ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ń fi nǹkan bí 80 yúnítì ṣòfò lọ́dún. Iná tó lè gba fóònù kún fún ọdún mẹ́wàá nìyẹn. Ẹ kàn fi ife tí ẹ fẹ́ mu wọn omi sínú kẹ́tùlù, ó parí. Kò ná yín ní nǹkan kan, omi yín á sì tètè hó.

Nípa gílóòbù, n kì í sọ pé kí èèyàn sọ ohun tó ṣì dára nù, àmọ́ gílóòbù onírin-tín-ín-rín àtijọ́ ni mo yọ sílẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tó bá jó. Gílóòbù LED, irú tuntun tí kì í jẹ iná púpọ̀, tó jẹ́ wáàtì 9 ń tàn bíi ti wáàtì 60 ìgbà yẹn. Ooru lèyí tó kù ń dà, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. LED búlúù ló jẹ́ ká rí LED funfun ṣe, òun ni wọ́n sì torí ẹ̀ fún Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì lọ́dún 2014. Àwa tí à ń gun àkàsọ̀ lọ pààrọ̀ gílóòbù tó jó lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ ló yẹ kó dúpẹ́ jù.

Tèmi-Yé-Mi

Ẹ̀gbọ́n Onítara, ẹ sinmi. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá àti àwọn olówó tó ń fi bàálù tara wọn lọ jẹun ọ̀sán ló ń ba ojú ọjọ́ jẹ́, ẹ̀yin wá ń bá kẹ́tùlù jà. Bí ẹ wọn omi, bí ẹ ò wọn omi, oòrùn ọ̀la á ràn bó ṣe fẹ́ ràn. Èmi ń jẹ, mò ń mu, mò ń sùn.

Alásè

Àbúrò Tèmi-Yé-Mi, òótọ́ wà lẹ́nu ẹ, ìdajì ẹ̀ lo kàn mú wá. Jẹ́ kí n mú ìdajì kejì wá látinú ilé ìdáná.

Ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká gbé ìròyìn jáde lọ́dún 2024. Lọ́dún 2022, oúnjẹ tí wọ́n dà nù káàkiri ayé, nínú ilé, nílé oúnjẹ àti ní ṣọ́ọ̀bù, ju bílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ. Ta ló dà á nù jù? O lè rò pé àwọn òtẹ́ẹ̀lì ni. Rárá o. Ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ jáde látinú ilé, látọwọ́ èmi pẹ̀lú ẹ.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń se oúnjẹ èrò, torí náà mo mọ bí oúnjẹ ṣe ń di ìdọ̀tí. Kì í ṣe ìwà burúkú. Èèyàn ra tuntun kó tó wo ti àná ni. Ó gbé tuntun síwájú fìríìjì, ti àná sún sẹ́yìn. Tó bá di ọjọ́ karùn-ún, òórùn ló máa wá pè é. Ìgbà tó bá sì dé ààtàn, tí ìdọ̀tí mìíràn wó lé e, tí afẹ́fẹ́ ò ráyè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ mọ́, ó máa ń jẹrà di gáàsì tí wọ́n ń pè ní methane. Tá a bá kó o sórí ìwọ̀n, tọ́ọ̀nù kan sí tọ́ọ̀nù kan, ó ń mú ayé gbóná ju carbon dioxide lọ ní ìlọ́po tó lé ní 25 láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. A ò tíì ka omi, ilẹ̀, epo ọkọ̀ àti òógùn àgbẹ̀ tó ti bá oúnjẹ yẹn lọ.

Àǹtí Onítara, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe rèé. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má yí nǹkan kan padà. Ẹ kàn wá abọ́ kan, gbogbo oúnjẹ tí ẹ bá fẹ́ dà nù, ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú á tì yín. Ìtìjú yẹn á ṣiṣẹ́ ju sítírọ́ọ̀ onírin lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹ ò ní ra nǹkan kan, ohun tó wà nílẹ̀ lẹ máa sè. Ohun tó bá ti pẹ́ jù, ẹ gbé e síwájú, níbi tí ojú ti máa kọ́kọ́ rí i. Ẹ jẹ́ kí inú fìríìjì wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 4 ti Celsius. Bó bá ti ju 5 lọ, kòkòrò ti ń rí àyè ṣe fàájì nìyẹn. Èèpo àti ewé tí kò ṣeé jẹ, ẹ pò ó mọ́ ewé gbígbẹ nínú garawa tó níhò, kí ẹ máa rò ó kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, á di ajílẹ̀. Ẹ ò nílò garawa mẹ́rin fún ìyẹn, kò sì sí akólẹ̀ tó máa dà á pọ̀ mọ́ nǹkan kan.

Ti ẹran, ẹ má búra. Ẹni tó bá búra pé òun ò ní jẹ ẹ́ mọ́ láé ló máa ń jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹ fi ẹ̀wà rọ́pò ẹran màlúù lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, torí màlúù fúnra ẹ̀ máa ń gùfẹ̀ methane jáde tó bá ń jẹ àpọ̀jẹ. Ẹran tí wọ́n fi oògùn àti iyọ̀ tọ́jú kó lè pẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lé nílé. Lọ́dún 2015, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ kà á kún ohun tó ń fa jẹjẹrẹ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ẹ máa fi ọmọrí dé ìkòkò! Ẹ ò mọ iye ìdáná tí mo dé tí ìkòkò ń hó ní ìhòòhò, tí ọmọrí ẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń wò ó. Bó bá sì jẹ́ igi tàbí èédú lẹ fi ń dáná, ẹ jáde síta pẹ̀lú ẹ̀, tàbí kí ẹ ṣí fèrèsé gbayawu. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé pa èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta lọ́dún 2020.

Nọ́ọ̀sì-Àná

Ọmọ mi, nọ́ọ̀sì tó bi ẹ́ léèrè yẹn ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe é kí n tó fẹ̀yìn tì.

Kí n tó sọ nǹkan mìíràn, yéé fi omi tútù wẹ̀. Ẹni tí ìfúnpá ẹ̀ ga kì í ṣàdédé bọ́ sábẹ́ omi tútù nini. Òtútù òjijì máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ìfúnpá á sì fò sókè. Lo omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kàn má pẹ́ níbẹ̀. Atúnnáṣe á bá ẹ fọwọ́ sí i.

Ìrìn ni kí o fi ṣe àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta rẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà rin ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, ìrìn tó ń mú èémí yára díẹ̀, tó o ṣì lè máa bá ẹnìkejì ẹ sọ̀rọ̀. Wákàtí kan lójúmọ́ tí o bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ kọjá agbára ẹni tó ti ń jókòó láti ọjọ́ yìí wá. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ní bí ìrìn kò bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, kò wọnú ìṣirò. Lọ́dún 2020 wọ́n yọ òfin yẹn kúrò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó o fi gun àtẹ̀gùn, ó wà níbẹ̀. Torí náà, má rin ìrìn tí kò níbi tó ń lọ. Ibi tó yẹ kí o dé tẹ́lẹ̀ ni kí o fẹsẹ̀ dé: sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kó o tó débi tí ò ń lọ, fẹsẹ̀ lọ ra ohun tí ò ń rà nítòsí. Epo tí o ò jó níbẹ̀ ni ti ilẹ̀ ayé. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn geere ni tìrẹ.

Orun pẹ̀lú. Àgbàlagbà nílò wákàtí méje ó kéré tán, aago mẹ́sàn-án kì í ṣe dandan. Ohun tó ṣe kókó ni kí iná ilé lọ sílẹ̀ kí o tó dùbúlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ líle lóru máa ń dí omi ara tó ń pe orun lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní melatonin. Pa iná tí ẹnikẹ́ni ò lò, títí kan ti ìta. Wo bí àwọn kòkòrò ṣe máa ń yí iná ìta po títí wọ́n á fi kú síbẹ̀. Àwọn náà fẹ́ òkùnkùn.

Ọ̀rọ̀ òjò tó bà ẹ́ jẹ́ wá kù. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní University College London tẹ̀ lé èèyàn 96 tí kálukú wọn ń gbìyànjú láti sọ nǹkan tuntun kan di bárakú. Nǹkan kan, kì í ṣe mọ́kànlá. Ní ìpíndọ́gba, ọjọ́ 66 ló gbà kó tó mọ́ wọn lára. Ti àwọn kan jẹ́ ọjọ́ 18, ti àwọn mìíràn á tó 254. Ẹni tó sì pa ọjọ́ kan jẹ kò pàdánù nǹkan gidi. Ìwọ lo sọ ọjọ́ kan di gbèsè wákàtí méjì, gbèsè yẹn ló lé ẹ sá.

Aránṣọ

Ta ní ń ra àpò mẹ́sàn-án? Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bínú, ẹ̀rín pa mí ni.

Èmi ni mò ń rán irú ẹ̀, torí náà ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Lọ́dún 2018, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àyíká ní Denmark ṣírò ẹ̀. Àpò òwú kan, tá a bá ń sọ nípa ojú ọjọ́ nìkan, ẹ gbọ́dọ̀ lò ó tó ìgbà 52 kó tó dọ́gba pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n ń bá ọjà fúnni. Tí wọ́n bá wá ka gbogbo ọ̀nà tí òwú ń gbà yọ ayé lẹ́nu pọ̀, ó di ìgbà 7,100. Òwú ń mu omi, ó ń jẹ ajílẹ̀ oníkẹ́míkà. Ìyẹn ò sọ ọ̀rá di ohun rere o, ọ̀rá kì í jẹrà, inú gọ́tà ló máa ń parí sí. Àpò tó dára jù ni èyí tó ti wà nílé yín kí ẹ tó wo fídíò yẹn. Àní ọ̀rá tó wà lábẹ́ tábìlì ìdáná yín, ẹ tún un lò títí á fi ya.

Bẹ́ẹ̀ náà laṣọ. Ẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ tún bọ́tìnnì ẹ̀ dè, ẹ má fọ èyí tí kò dọ̀tí. Aṣọ oníke bíi polyester máa ń bọ́ okun tín-tìn-tín sínú omi nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fọ̀ ọ́, inú odò ló sì ń gbà lọ.

Onítara

Mo padà dé. Ọjọ́ 61 rèé tí mo bẹ̀rẹ̀ lọ́tun, mo sì ti pa márùn-ún jẹ nínú ẹ̀. Màámi Nọ́ọ̀sì-Àná, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyẹn kí ẹ tó gbọ́ ìyókù: n kò dí wọn.

Mẹ́ta ni mo mú: ìrìn, oúnjẹ, kẹ́tùlù. Bọ́ọ̀sì máa ń já mi sílẹ̀ ní ìdúró kan ṣáájú tèmi báyìí, ìṣẹ́jú 14 ni àlọ, 16 ni àbọ̀ torí òkè ni. Ẹsẹ̀ ro mí ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ìfúnpá mi sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, àmọ́ dókítà ní kí n má tíì fi oògùn sílẹ̀, n kò sì fi sílẹ̀.

Alásè, ọwọ́ yín ni mo ti gba ìtìjú. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, oúnjẹ tí mo dà nù jẹ́ kílò méjì lé díẹ̀. Èmi tí mo ń fi ọ̀rọ̀ ike inú òkun pariwo! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò tó ìdajì kílò, èèpo ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Garawa mẹ́rin ti di méjì: ọ̀kan fún ajílẹ̀, èkejì fún ìdọ̀tí.

Ọkọ mi ló gba ti kẹ́tùlù kanrí. Ó kọ́kọ́ fi mí ṣẹ̀sín, ní báyìí òun ló ń dúró tì mí bí olùṣírò owó tí mo bá ń bu omi. Ibẹ̀ ló ti wá gbọ́ bí ẹ̀rọ omi ilé ìwẹ̀ wa ṣe ń kán tó, tó tó, èyí tá a ti jọ ń gbọ́ láti ọdún tó kọjá bí ẹni ń gbọ́ aago. Ó gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀ láago mẹ́wàá alẹ́. Láago mẹ́fà àárọ̀, lítà márùn-ún ló wà nínú ẹ̀. Lítà márùn-ún láàárín wákàtí mẹ́jọ! Wọ́ṣà róbà kékeré kan ló ti gbó, wọ́n sì pààrọ̀ ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Tèmi-Yé-Mi, n kò sọ pé oòrùn ti rọlẹ̀ o. Ẹsẹ̀ mi ni mo mọ̀ pé ó ti fúyẹ́.

Aránṣọ, mo ti fi àpò mẹ́jọ tọrẹ fún àwọn tí kò ní. Ẹyọ kan ló kù. Mo fi pẹ́ẹ̀nì fa ìlà sínú ẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá gbé e jáde. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á ní: ìlà 19.